Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, Ọ̀gá Ilé-Ìwé àti Ìránṣẹ́ Ìlú
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa, tí a sì tẹ̀ síhin nítorí àwọn tí kò lè wá)



Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí nwá sọ̀rọ̀ lórí ẹnìkan tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sin ìlú, ó sì fi yíyan ẹni náà sí mi l'ọ́wọ́. Nkò ronú pẹ́ kí ntó mú Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí a bá dá orúkọ Kútì l'óde òní, orin Fẹlá ni àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń rántí. Àwọn àgbà a rántí ìyá Fẹlá, Olóyè Fúnmiláyọ̀, akọni obìnrin. Àwọn oníṣègùn a rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye, tí ó di Mínísítà fún ètò ìlera ní 1985. Baálé ilé náà gan-an ni a ń gbàgbé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tí à ń pè ní Kuti Hall. Orúkọ baba yí ni a fi sọ ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé, bí a bá bi àwọn tí ń sùn níbẹ̀ léèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yíò wí pé Fẹlá ni.

Ọdún 1891 ni a bí i. Baba rẹ̀ ni Kánọ́nì J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà olórin nì, tí ó kọ orin ìsìn l'édè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù l'ọ́dún 1922. Nígbàtí a dá Ilé-Ìwé Gírámà Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní 1908, orúkọ ọmọkùnrin yí ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ibẹ̀ ó dé Fourah Bay ní Sàró, ó gba oyè B.A., ó padà wá kọ́ni ní Ilé-Ìwé Gírámà C.M.S. l'Ékòó.

Ní 1919, nígbàtí kò ì tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, nwọ́n fi í ṣe Ọ̀gá Ilé-Ìwé Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhin. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a sì rán an lọ. Ẹ̀yin àgbà kò ṣe aláìmọ̀ bí ọ̀ràn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti rí l'áiyé àwọn baba wa, ọ̀nà tí a dí àti ogun tí a jà. Síbẹ̀ ọdún mẹ́tàlá ni ó lò l'áàrin wọn, ó ń tọ́ ọmọ wọn. Ìjẹ̀bú-Òde ni ó wà nígbàtí ó gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas ní ìyàwó ní 1925, ẹni tí iṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí Ilé-Ìwé Gírámà Abẹ́òkúta kọ́kọ́ gbà wọlé ní 1914.

Ní Ìjẹ̀bú náà ni iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, olùkọ́ C.M.S. dá wà, ti Wẹ́sílì dá wà, ti Àgùdà dá wà. Olúkúlùkù ń wo ojú ìjọ tí ó gbà á sí iṣẹ́, owó oṣù wọn kò sì tó ti ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà l'ábẹ́ Ìjọba. Ní 1926, òun àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé yókù dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú sílẹ̀. L'Ékòó, àwọn olùkọ́ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ọjọ́ 8 oṣù July 1931 ni àwọn ẹgbẹ́ méjèjì pàdé l'Ékòó, tí nwọ́n sì di Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, tí à ń pè ní N.U.T. Ọjà ti kú káàkiri aiyé ní ọdún náà, Ìjọba sì ń dín ìnáwó kù. Òun ni nwọ́n fi ṣe Ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì wà l'órí àga náà títí di 1954. Nígbàtí ẹgbẹ́ náà ní akọ̀wé tí kò ní iṣẹ́ míràn mọ́ ní 1943, Ọ̀gbẹ́ni E. E. Esua, ọmọ Calabar, ni. Ẹ̀gbá pẹ̀lú Ẹ̀fìk ni ó jọ gbé ẹrù náà, a kò sì gbọ́ pé ẹnìkan bi wọ́n léèrè ẹ̀yà.

Àwọn ènìà kan ń wí títí di òní pé kò yẹ kí àlùfáà dá sí ọ̀ràn owó oṣù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè kọ́ ọmọ wa bí ó ti yẹ.

Nísisìyí mo dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin Ìjòyè fi ọkàn sí jùlọ. Ní 1943 Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, Walter Elliot ni olórí rẹ̀, láti wádìí bí a ó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Aláwọ̀-dúdú mẹ́ta ni a fi sí i: Korsah láti Gold Coast, Taylor-Cummings láti Sàró, àti Ransome-Kuti láti Nàìjíríà. Ní 1945, ìgbìmọ̀ náà kò lè fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó kéré ní iye wí pé Yunifásítì kanṣoṣo ni kí a ní fún gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyí, ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó pọ̀ wí pé mẹ́ta ni: ọ̀kan ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Gold Coast, kí a sì gbé Fourah Bay ga sí i.

Ẹ wò ó dáradára. Bí ó bá jẹ́ pé ti ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni Kútì ń wá, àbá ti Ìbàdàn kanṣoṣo ni ìbá fi ọwọ́ sí, nítorí ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo ọlá náà ìbá bọ́ sí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ni ó fi ọwọ́ sí ti mẹ́ta. Ìjọba tẹ̀lé àwọn tí ó kéré ní 1946, ṣùgbọ́n àwọn ará Gold Coast kọ̀ jálẹ̀, nwọ́n ní àwọn yíò ná owó tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tí Ìbàdàn àti Gold Coast fi ní ti wọn l'ọ́dún kan náà, 1948. L'ójú tèmi, ìfọwọ́sí yí ju gbogbo oyè tí à bá fi í jẹ lọ.

Ní 1932 ni ó ti padà sí Abẹ́òkúta, sí ilé-ìwé tí ó kọ́kọ́ wọ̀ l'ọ́mọdé, tí ó sì jẹ́ Ọ̀gá ibẹ̀ títí di 1954. Dáódù ni àwọn ọmọ ń pè é. Pàṣán rẹ̀ kò rọ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé baba àti ìyá òun nà òun gidigidi, èmi kò sì ní fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà kí ó lè dùn: ẹlòmíràn nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gba ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn gba àpá.

Ní ti ìjàkadì àwọn obìnrin Ẹ̀gbá l'órí owó-orí, tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò l'órí oyè ní January 1949, tí ó sì padà ní 1950, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ì tán l'ẹ́nu àwọn àgbà, nkò sì ní dá ẹjọ́ rẹ̀ níhin. Kìkì èyí ni mo wí: ìyàwó Ọ̀gá ilé-ìwé ni ó ṣíwájú wọn, ọkọ rẹ̀ kò sì dá a dúró, bẹ́ẹ̀ni inú ìlú kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọkùnrin mélòó ni yíò ṣe é?

Ọjọ́ 6 oṣù April 1955 ni ó kú, kò sì pé ọdún méjì tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó wọ ilé-ìwé rẹ̀ l'ọ́mọ ọdún méjìlá ní 1954 ti lé ní ọgọ́rin ọdún nísisìyí. Mo bẹ ẹ̀yin Ìjòyè pé kí ẹ wádìí àwọn tí ó kù ní àdúgbò nyín, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ rán ọmọ tí ó mọ ìwé kọ sí wọn, kí ó kọ ohun tí nwọ́n bá rántí sílẹ̀ ní Yorùbá, rere àti búburú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní lẹ́tà rẹ̀ tàbí àwòrán ilé-ìwé ti ìgbà náà nínú àpótí, kí ó jọ̀wọ́ fi hàn Akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. A ó ya ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà fún ẹni tí ó ni í.