Àsìkò Tí A Gbin Ẹ̀gúsí Ló Ń Hàn Nínú Kóńgò

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀yin ọlọ́jà Ìkirè àti Àpòmù,

Kóńgò ẹ̀gúsí méjì lè wà lórí àtẹ kan náà, kí ọmọ ọ̀kan kún inú èèpo, kí tèkejì rí pẹlẹbẹ. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ni kò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, àsìkò tí wọ́n gbìn ín ni.

Lágbègbè wa, òjò máa ń pọ̀ ní Júùnù àti Júláì, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Ògọ́ọ̀sì, á tún pọ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkìtóbà, kó tó lọ ní Nòfẹ́ńbà. Ẹ̀gúsí ń lo bí oṣù 3 sí 4. Èyí tí a gbìn ní ìparí Máàṣì tàbí ní Épírì, tí àkọ́rọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á tètè bo ilẹ̀ mọ́ koríko, á sì yọ òdòdó kí òjò ńlá tó dé. Èyí tó bá pẹ́, inú òjò ńlá ni yóò yọ òdòdó: oyin ò ní ráyè bà lé e, ewé á máa rà, èso á sì kéré. Ti àrọ̀kúrò náà, bó bá pẹ́ jù, òjò á ti lọ kí ọmọ rẹ̀ tó gbó.

Ti sóyà yàtọ̀. Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú ló ń mú un yọ òdòdó. Bí a bá gbìn ín pẹ́, kékeré ló ti máa yọ òdòdó, pádì rẹ̀ ò sì ní pọ̀. Bó bá yá jù, inú òjò ló máa gbó, á jẹrà. Júùnù sí Júláì ló dáa, kó lè gbó nígbà tí òjò ń lọ. TGx 1448-2E tí IITA n'Íbàdàn mú jáde kì í tètè fọ́n sílẹ̀ lóko, àmọ́ ó ń lo bí oṣù 4. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Ìdí tá a fi mú ọ̀rọ̀ oko wá síbi àjọ̀dún ọlọ́jà ni pé owó tá a yá nínú ẹgbẹ́ ni púpọ̀ wa fi ń dáko. Owó tó dé ní Máàyù ò lè ra òjò Máàṣì. Ẹni tó gbìn pẹ́ á kórè díẹ̀, èlé ò sì mọ̀ pé òjò ti lọ. Onídùúró rẹ̀ ló máa wá san gbèsè tí kò jẹ.

Nítorí náà, a bẹ ìgbìmọ̀: ẹ jẹ́ ká máa gba ìwé owó oko ní Jánúárì, kí owó tẹ olóko lọ́wọ́ kí Fẹ́búárì tó parí, kí sísan padà sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san àsansílẹ̀ fún àgbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìgbà wo ló gbìn.

Ìgbà ara là ń búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹgbẹ́ wa ò ní dàrú o.