Erédò Súngbọ́: Ẹ Má Dá Lọ
Erédò Súngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mo gbé wá lónìí.

Ká ní èmi nìkan ni mo lọ, gọ́tà ńlá tí igbó bò ni mi ò bá pè é. Onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ tó ń mú wa rìn ló ní ká sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ká wòkè. Yéè! Ògiri ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Ó ní láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi, ibòmíì tó mítà 20, àti pé gbogbo rẹ̀ yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò sí katakata. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde ni wọ́n kó jọ sétí kòtò, tó di odi.

Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rì ní Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó kan, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Àmọ́ oko àti ọ̀nà mọ́tò ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé odi ni, kòtò lásán ló rí, yóò sì dí i. Torí náà, kẹ́ ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Ibi àtijọ́ wo ló wà nítòsí tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà!