Fàdákà Ọbàtálá àti Àmì Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀

      

Iṣẹ́ fàdákà ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní í lo àkókò yín lórí bí ó ṣe ń dán, nítorí ojú gbogbo wa rí ìyẹn. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ọdún mélòó kan wá, ohun ọ̀ṣọ́ tí a fín àmì Odù sí, èyí tí a fi etí ọpọ́n Ifá ṣe àwòkọ, àti èyí tí a fi ère edan kọ́ sórí ẹ̀wọ̀n, ti gba ọjà kan. Àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ń rà á, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ jáde láìtijú. Ìyẹn dára. Ní ìgbà kan rí, abẹ́ aṣọ ni ọ̀pọ̀ ń fi ìdè Ifá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí mo ń rí lọ́rùn àti lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa ń sọ ohun tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò gbèrò láti sọ rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ohun tí a fi ń rọ ọ̀ṣọ́ náà kọjá.

A mọ̀ pé irin ni ti Ògún, idẹ sì ni ti Ọ̀ṣun. Òjé ni ti Ọbàtálá, nítorí pé ó funfun, ó sì rọ̀. Ẹ̀gbà òjé ni àwọn olórìṣà rẹ̀ ń fi sọ́wọ́ láti ìgbà láéláé. A kò mọ ilẹ̀ wa mọ́ wíwa fàdákà. Òwò ni ó gbé e dé. Ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ owó fàdákà láti fi rọ òrùka àti ẹ̀gbà. Ṣílè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1913 jẹ́ 925, ìyẹn ni pé bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, 925 jẹ́ fàdákà, 75 tó kù sì jẹ́ bàbà. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú idẹ kan rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, 925 tí ẹ ń rí lára òrùka lónìí kì í ṣe ohun àjèjì sí ilé àgbẹ̀dẹ wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi mí pé, òjé ni òrìṣà mọ̀, kí ni a fẹ́ fi fàdákà ṣe? Èsì mi ni pé òjé jẹ́ májèlé. Kì í ṣe májèlé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó wà nínú òkúta tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nílé láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ẹ̀gbà tí ó wà lọ́wọ́ àgbàlagbà lè máà ṣe é ní nǹkan púpọ̀, nítorí awọ ara kì í tètè fa òjé. Ẹni tí ó wà nínú ewu ni ẹni tí ó ń yọ́ ọ, àti ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ń gbé pọ̀n, tí ó ń fi ẹ̀gbà ìyá rẹ̀ sẹ́nu. Ìwọ̀n iná 327 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ni òjé ń yọ́, ààrò tí a fi ń se ọbẹ̀ tó o. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yọ́ ọ nínú ilé ìdáná, tí ekuru rẹ̀ sì ń bà sínú ìkòkò. Orí kíkún ni Ọbàtálá mọ. N kò rò pé ó fẹ́ kí ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Òjé àtijọ́ tí a ti fi jọ́sìn, kí ó dúró ní ojúbọ; ẹnikẹ́ni má ṣe yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá ń rọ ní tuntun, fún ọmọdé pàápàá, fàdákà ni kí a fi rọ ọ́. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ bi Ifá kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí.

Àwọn ará wa tí wọ́n kó lọ sí Bràsíl kò bẹ̀rù ìyípadà yìí. Bí ẹ bá wo Ọbàtálá ní ilé òrìṣà ní Salvador, lọ́dọ̀ àwọn Nàgó, ẹ óò rí i pé ọ̀pá òṣooro tí ó fi ń tilẹ̀ jẹ́ èyí tí ó funfun bí fàdákà, tí ó ní àwo róbótó-róbótó lóríṣiríṣi ìpele, tí ẹyẹ sì bà lé orí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun a máa pọ́n bí wúrà, ti Yemọja a sì funfun. Àwọ̀ ni wọ́n dì mú, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi dì í mú. Ní ìlú kan náà ni àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ń so ìdì ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà mọ́ ìbàdí, èyí tí wọ́n ń pè ní balangandã: ẹja, kọ́kọ́rọ́, èso igi, àtẹ́lẹwọ́ tí a dì ní ìkúùkù, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin fàdákà kan tí ó tẹ̀ kọdọrọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ìkúùkù yẹn, ti àwọn Pọ́túgà ni. Síbẹ̀, olúkúlùkù ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ó so ó. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe jẹ́ ní 1696 pé ọba Pọ́túgà kọ̀wé pé kí ẹrúbìnrin Bràsíl má ṣe wọ sẹ́dà, kí wọ́n má sì fi wúrà tàbí fàdákà ṣe aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́. Ọba kì í kọ̀wé òfin nítorí ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Ilé Costa Pinto, tí wọ́n ti ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí ní Salvador, ní púpọ̀ nínú àwọn balangandã náà, ẹni tí ó bá rìnnà débẹ̀ kí ó lọ wò ó.

Ní ti ọwọ́ iṣẹ́ gan-an, n óò sọ ìwọ̀nba. Fàdákà a máa le bí òòlù ṣe ń bà á. Bí a bá lù ú títí, yóò sán. Nítorí náà a ní láti dá a padà sínú iná títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí a tó tún máa lù ú. Pípọ́n yẹn kò hàn nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ṣókùnkùn díẹ̀. Bàbà tí ó wà nínú 925 ni ó ń dúdú nínú iná, omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbóná a sì máa bó o. Fún okùn, a ó fa fàdákà gba ojú ihò tí ó ń kéré sí i lára irin pẹlẹbẹ kan títí yóò fi di wáyà, a ó wá lọ́ méjì pọ̀. Fún àmì, irin kéékèèké tí orí wọn yàtọ̀ síra ni a ó fi máa tẹ̀ ẹ́ sínú, tí a ó gbé fàdákà náà lé orí ọ̀dà kí ó má baà yẹ̀. Àwọn kan a máa sọ ojú ọnà di dúdú kí ó lè hàn. Bí ẹ bá fi ẹyin bíbọ̀ tí ẹ ti fọ́ pa mọ́ inú ike kan pẹ̀lú òrùka fàdákà, ẹ óò rí i bí yóò ti dúdú. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun Ọbàtálá. Èmi a jẹ́ kí ìlà náà jìn, kí òjìji ara rẹ̀ fi í hàn, kí gbogbo rẹ̀ sì wà ní funfun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní fàdákà Jámánì. Kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀, níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ a sì máa mú kí ara ẹlòmíràn yún un títí tí yóò fi bó.

Ó wá ku ọnà. Ọnà ara ohun èlò wa pín sí méjì lójú tèmi. Èkíní ni èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: onígun mẹ́ta tí ó ń tẹ̀ lé ara wọn, ìlà tí ó ń lọ wọ́lọ́kọ-wọ̀lọ̀kọ, ìkarahun ìgbín tí ó ká, okùn tí ó lọ́ mọ́ ara tí a kò rí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin rẹ̀. Ìwọ̀nyí wà lára igbá fínfín, lára ilẹ̀kùn ààfin, lára àdìrẹ, àti lára etí ọpọ́n Ifá. Wọn kì í ṣe ọmọ àná. Ọpọ́n kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, èyí tí ó ti Àládà wá, ní ilẹ̀ tí ó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ó ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ohun ìní Christoph Weickmann ní 1659, a sì fín etí rẹ̀ yíká. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ọnà báyìí rọ ẹ̀gbà, kí ó máa rọ ọ́ lọ. Kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí ó ṣáà mọ̀ pé ìgbín jẹ́ ti Ọbàtálá, kí ó má fi í sára ohun tí ó ń rọ fún ẹlòmíràn láìbéèrè.

Èkejì ni èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀. Odù ni olórí wọn. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tẹ́tí. Àmì Odù ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní ọ̀tún, ó ní òsì. Ọ̀bàrà jẹ́ ìlà kan lókè, lẹ́yìn náà méjì, méjì, méjì. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, Ọ̀kànràn ni. Bákan náà ni Ìrosùn ń di Ọ̀wọ́nrín, Ògúndá ń di Ọ̀sá, Ìká ń di Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá ń di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ sì ń di Òfún. Nínú mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin péré ni kì í yí padà bí a bá dorí wọn kodò: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí. Wàyí o, òrùka kò ní òkè. Ọ̀nà tí ó bá wu ẹni tí ó ni ín ni yóò gbà fi í sọ́wọ́. Bí mo bá tẹ Ọ̀bàrà Méjì sára òrùka fún ẹnì kan nítorí ire tí ó ń retí, ní ọjọ́ tí ó bá fi í sọ́wọ́ ní òdì, Ọ̀kànràn Méjì ni ó wọ̀ jáde. Nítorí náà, mẹ́rin yẹn nìkan, ní méjì-méjì, ni mo gbà láti tẹ̀ sára òrùka. Fún àwọn yòókù, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kí ó jẹ́ kí a ṣe é sára ohun tí a fi ń kọ́ ọrùn, èyí tí a ti lu ihò sí lókè, tí kò lè dorí kodò.

Ìyẹn náà kò tán síbẹ̀. Ọ̀tún ni a ti ń ka Odù. Bí àwo fàdákà náà bá jẹ́ èyí tí a gé àmì inú rẹ̀ já sí ẹ̀yìn, ìgbà tí ó bá yí lọ́rùn ni ọ̀tún di òsì: Ogbè Yẹ̀kú á di Ọ̀yẹ̀kú Logbè. Òǹtẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ohun tí a bá gbẹ́ sójú òǹtẹ̀, òdì-kejì rẹ̀ ni yóò tẹ̀ sára fàdákà. Ẹni tí kò mọ Ifá, tí ó wo àwòrán tí ó sì gbẹ́ ẹ bí ó ti rí i, yóò tẹ ẹgbẹ̀rún ohun ọ̀ṣọ́ tí gbogbo wọn ń ka òdì. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́jà, lára ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n kó wọlé, tí wọ́n sì kọ orúkọ Odù mìíràn sára páálí rẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ awo ni yóò rí i lọ́rùn rẹ̀ tí yóò wí pé, ta ni ó gbé èyí kọ́ ọ lọ́rùn?

Lórí Odù tí ó jáde fún ènìyàn ní igbódù, èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ó wà lára ohun ọ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé ń rí. Àwọn awo kan kò bá mi gbà, wọ́n ní ìlà lásán ni títí a ó fi fi ohùn sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rọ irú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní í rọ ọ́.

Ní ti edan, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Idẹ ni edan, asúdẹ tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń fi ìda ṣe é, Ògbóni sì ni ó ni ín. Akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ kì í ṣe yẹtí. Bákan náà ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dákun jẹ́ kí a yéé pe Sankofa àti Gye Nyame ní àmì Yorùbá. Àwọn Akan ní Gánà ni wọ́n ni ín, wọ́n sì ní ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. A ní tiwa tó.

Ẹ ó rí pátákó kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo ti ya Odù mẹ́rìndínlógún sójú rẹ̀ bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n rí lára fàdákà, àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ rí lójú òǹtẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́yin àgbà awo kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dà á kọ. Ẹni tí ó bá sì wọ ohun ọ̀ṣọ́ tí ó ní àmì Odù wá lónìí, kí ó mú un lọ síbẹ̀, kí a jọ kà á.