Àlébù Tí A Bò Mọ́lẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Fírísà Tòkunbọ̀

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sọ lẹ́yìn ìrun Aláásárì)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tó ṣe kátàkárà ní ẹ̀tọ́ fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ipasẹ̀ wọn. 

Àkòrí tó gbòòrò ni àwọn tó pè mí fún mi. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òwò nínú Ìsìláàmù. Bí a bá ní kí á sọ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa níbí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀, nítorí pé mo mọ àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó wà nínú yín ẹni tó ń ta fìríìjì àti fírísà tòkunbọ̀. Ó wà nínú yín ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì yóò gbéyàwó láìpẹ́, in shaa Allah, yóò sì wá a rà, nítorí pé owó tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí á kọ́kọ́ la ohun kan yé ara wa. Ogbó kì í ṣe àlébù. Ẹni tó lọ ra tòkunbọ̀ mọ̀ pé ẹlòmíràn ti lò ó rí. Bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ti ṣí, bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ bá ń há, ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì torí rẹ̀ ná an wálẹ̀. Àlébù tí àwọn onímọ̀ ń wí ni èyí tó ń dín iye ọjà kù lójú àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, tàbí tó ba ohun tí a torí rẹ̀ rà á jẹ́, tí òǹrajà kò sì mọ̀ nígbà tí ó ń sanwó. Fírísà tí kò lè mú omi di yìnyín ti kúrò ní fírísà. Àpótí ni, àpótí aṣọ sì fúyẹ́ jù ú lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín àti omi inú ọ̀rá ra fírísà kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti ọkọ ìyá náà jọ máa ń dúró ní sáfù kan náà. Ojú ìyá yìí ni ọmọkùnrin náà ṣe kì í bọ iná, nígbà tí yóò sì fi tó wákàtí kan, ara irin inú rẹ̀ ti funfun. Ìyá sanwó, ó gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, fírísà ń kùn tọ̀sán tòru, kò sì tutù. Ẹja tí ó fi owó àjọ rà bàjẹ́ pátápátá. Oníṣẹ́ tí ó pè rí ojú ibi méjì tí wọ́n ti jó mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní inú ògiri fírísà náà gan-an ni gáàsì ń gbà jáde.

Ọmọkùnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Àáfà, mo sọ fún màmá pé bí wọ́n ṣe rí i ni mo ṣe tà á. Mo ní bí ó bá ti kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó di tiwọn. Wọ́n sì gbà.” Ìyá náà jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo bi í: ìgbà wo ni o rọ gáàsì sí i gbẹ̀yìn? Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun rọ ọ́ láàárín oṣù tí òun fi tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ rẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Gáàsì inú fìríìjì kì í ṣe bẹntiróòlù, kì í jó tán. Inú páìpù tí a dí pa ni ó wà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń tì í, ó ń gbé ooru inú àpótí lọ sí ẹ̀yìn, ó ń padà, ó tún ń lọ, kò sì ní dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún bí páìpù kò bá lu. Nítorí náà, fìríìjì tí gáàsì rẹ̀ tán, ibì kan ni ó ti lu. Ẹni tó bá rọ òmíràn sí i láìwá ojú ibẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe; òtútù ọjọ́ mélòó kan ni ó kó sínú rẹ̀ láti tà. Kò sí ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ yìí fún ọdún kan tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, tó wá tà á ní ẹ̀kẹta, mọ ohun tí òun ń tà.

Ẹ rántí ohun tí Abu Hurayra gbà wá, tí Imam Muslim sì kọ sínú àkójọ hàdíìsì rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Ó bi ẹni tó ni ín léèrè. Onítọ̀hún ní òjò ló pa á. Ànábì wá béèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára àwọn tòun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A kò gbọ́ pé ọkùnrin náà búra, a kò gbọ́ pé ó pariwo pé gbígbẹ ni ọjà òun. Bí ó ṣe to òkìtì rẹ̀ ni ó bá a parọ́. Ẹni tó kun ibi tó dípẹtà lára fírísà ní ọ̀dà funfun láìsọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọ̀dà náà ń sọ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn “bí ẹ ṣe rí i” ńkọ́, tí òǹrajà fi ẹnu ara rẹ̀ gbà? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú Muwatta Imam Malik pé Abdullah ọmọ Umar ta ẹrúkùnrin kan ní 800 dírámù, ó sì tà á lórí àdéhùn pé òun bọ́ nínú àlébù yòówù. Ẹni tó rà á padà wá, ó ní àìsàn kan wà lára ẹrú náà tí ọmọ Umar kò dárúkọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Uthman ọmọ Affan, tó jẹ́ Kálífà nígbà náà. Ìdájọ́ Uthman ni pé kí ọmọ Umar búra pé nígbà tí òun ń ta ẹrú náà, òun kò mọ àìsàn kankan tó wà lára rẹ̀. Ọmọ Umar kọ̀ láti búra. Ó gba ẹrú náà padà. Ara ẹrú yá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tún un tà lẹ́yìn náà ní 1500 dírámù.

Òwò ẹrú ti kọjá lọ, ìdájọ́ inú rẹ̀ ni a ń mú. Kálífà kò sọ pé àdéhùn náà kò jẹ́ nǹkan kan. Ohun tí ó ń wádìí ni ìmọ̀ òǹtajà: ṣé ó mọ̀ àbí kò mọ̀? Ohun tí ènìyàn mọ̀ tí ó sì bò mọ́lẹ̀, kò sí gbólóhùn tó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú mádíhàbù Imam Malik tí a ń tọ̀ nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò tilẹ̀ gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọlé nínú ọjà lásán. Ẹ sì wo bí Sàhábà ńlá ṣe sá fún ìbúra kan ṣoṣo. Lónìí, kí o tó la ẹnu béèrè, òǹtajà ti ní “Wallahi, kò ní ìṣòro kankan.”

Kí wá ni ẹ̀tọ́ ẹni tó rà á? Ìwé Risala ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, èyí tí púpọ̀ nínú yín ti kà ní ilé-kéwú, là á sílẹ̀. Bí ó bá rí àlébù tó ti wà kí ó tó rà á, ó lè mú ọjà náà bẹ́ẹ̀ láìgba owó kankan, ó sì lè dá a padà kí ó gba owó rẹ̀. Bí àlébù mìíràn bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun náà, ọ̀nà méjì ló wà: kí ó mú ọjà náà kí wọ́n sì dá iye tí àlébù àtijọ́ jẹ padà fún un, tàbí kí ó dá ọjà padà pẹ̀lú owó ohun tí òun bàjẹ́. Ọmọkùnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ kí á yọ owó ìlò ọjọ́ mẹ́fà. Mo ní rárá. Bí fírísà náà bá jóná ní ilé ìyá yìí ní ọjọ́ kejì nítorí ohun tí kò kan àlébù yẹn, orí ìyá ni àdánù ìbá já lé. Ẹni tó ń gbé ewu ohun kan ló ni àǹfààní rẹ̀. Ó dá owó padà pé, ó gbé fírísà rẹ̀ lọ.

Ẹja tó bàjẹ́ ni ó fa ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹja kì í ṣe ara ọjà tí wọ́n tà, ìyá náà sì ti rí i láti ọjọ́ kẹrin pé yìnyín ń yọ́ kí ó tó kó ẹja tuntun sí i. Sulhu ni mo fi parí ìyẹn. Ọmọkùnrin náà san ìdajì.

Mo fẹ́ gba ẹnu òǹtajà sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé òǹrajà náà ń jalè nígbà mìíràn. Ẹlòmíràn yóò fi fìríìjì Amẹ́ríkà tó ń lo 110 fóòtì bọ iná 240 tiwa, yóò jó o, yóò sì ní àlébù ló bá níbẹ̀. Ẹlòmíràn gbé e sùn lórí ọkọ̀ láti ọjà dé ilé, ó sì tàn án lójú ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ó sì wà nínú wọn ẹni tó rí àlébù ní ọjọ́ Àlàmísì, tó lò ó tìtí oṣù fi parí, tó wá ń bínú. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ wa, ẹni tó mọ àlébù tí ó sì ń lo ohun náà lọ láìní àwáwí ti fi ìlò rẹ̀ gbà á. Bákan náà, àlébù tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ àfi bí a bá la ohun náà wò, bíi kòkòrò inú igi, wọn kò torí rẹ̀ dá ọjà padà fún òǹtajà tí kò mọ̀. Òǹtajà tó jẹ́ pé ó ra fírísà ní àrà-tà, tí kò ṣí i rí, lè ní àwáwí yìí. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ gáàsì sí i kò ní in.

Ti òfin ìlú kò gba àkókò púpọ̀. Fìríìjì àti fírísà tí a ti lò rí wà nínú àwọn ẹrù tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Gánà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ ní 2013. Ara ìdí rẹ̀ ni pé gáàsì àtijọ́ tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn ń ba ìbòrí ayé lókè jẹ́, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lé lórí ní Montreal ní 1987. Ẹni tó ń gbà á kọjá ibodè ní òru, kí ó má ṣe pe ìyẹn ní ọgbọ́n òwò. Ní ti èyí tó ti wà nílẹ̀ wa, òfin ẹ̀tọ́ òǹrajà ti 2018 pa á láṣẹ kí a sọ ọ́ kedere fún òǹrajà bí ọjà bá jẹ́ èyí tí a tún ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kí wọ́n tó tàn án; bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ń mú un tutù sílẹ̀ dè yín ni. Ẹ dúró tì í tó wákàtí méjì, kí ẹ sì rí i pé ó dákẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù tó. Ẹ fi bébà há ẹnu ìlẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà rẹ̀ ti tán. Ẹ ka orúkọ gáàsì tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá òun náà ni wọ́n rọ sí i. R600a máa ń gbaná, nítorí náà kí oníṣẹ́ má ṣe gbé iná sún mọ́ páìpù rẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi òǹtajà ní ìbéèrè tí mo bi ọmọkùnrin yẹn, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé owó: ìgbà wo ni wọ́n rọ gáàsì, ibo ni ó ti lu, ta ló dí i, ọjọ́ mélòó sì ni òǹrajà ní láti fi dán an wò. Bí kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ ti gbọ́ èsì yín.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgíríbì. Ẹ jẹ́ kí á gba ìbéèrè, kí ẹ̀yin oníṣẹ́ sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀yin lẹ mọ inú páìpù jù mí lọ.