Òjò ilé wa ló ń bá wa ní Ladji

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Akpassi tí ẹ ń gbé Kútọnu, ẹ gbọ́ wa. A ò ní pẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la mú wá.

Àwa tí a ń gbé Ladji, létí ọ̀sà Nokoué, ogún ọdún la fi sùn níbẹ̀ tí a ò mọ ibẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, a gun zémidjan lọ sí ọ́fíìsì. Ilẹ̀ ṣú, a ti ilẹ̀kùn. Ọdún dé, a wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Ìgbà tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ rin àdúgbò wa. A dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, a rí àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Apẹja Tofin kan, àgbàlagbà, mú wa kiri. Ó fi hàn wá pé ọ̀nà omi ni ilẹ̀ tí a fi iyanrìn àti pàǹtí dí, tí a kọ́lé lé lórí.

Ẹ sì wò ó, omi yẹn kì í ṣe àjèjì. Òjò tó rọ̀ sórí iṣu wa ní Bantè àti Savalou, inú Agbado àti Zou ló ń ṣàn sí. Zou gbé e fún Ouémé, Ouémé gbé e wá sínú Nokoué. Ó wá ń gba odò tí àwọn Faransé gbẹ́ ní 1885, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa, bọ́ sínú òkun. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ó máa ń pọ̀ ju ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní 2010, kọ́múùnù 55 nínú 77 ni omi bà jẹ́ ní Benin.

Lọ́dún kan tí omi wọ yàrá wa, wọ́n ka orúkọ àwọn ilé tó rì ní ìpàdé àdúgbò. Tiwa ò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ wá o! A ò lọ sí ìpàdé wọn rí. Láti ìdìbò kọ́múùnù àkọ́kọ́ ní 2002, Akpassi la ti ń lọ dìbò. Ta ni ká wá ké sí ní Kútọnu?

Àwọn kan á ní, ‘Ilé ò ní ìbò tó.’ Òótọ́ ni. Ẹni tí iṣẹ́ àti ọmọ rẹ̀ wà nílé, kó dìbò nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn létí omi, létí omi ni kó ti dìbò.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́: kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ lọ wò ó lóṣù kẹwàá, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bi àwọn apẹja. Ẹ má da pàǹtí sínú ọ̀sà mọ́. Ẹ máa lọ sí ìpàdé àdúgbò yín, kí wọ́n mọ̀ yín kí omi tó dé.