Omi Fún Ìrẹsì Orí Ilẹ̀ Gbígbẹ



Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n ń dì sínú ewé fún wa nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà àti Ògbà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò mọ ẹrẹ̀ rárá. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ọ̀fàdà, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, ń gbìn ín sí bí ẹni gbin àgbàdo. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò fún omi.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Bí ọ̀dá bá ká ìrẹsì mọ́ ibi tó ti ń lóyún tàbí tó ń tanná, ṣírí á yọ o, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò: èèpo lásán! Bí òjò bá padà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Monty Jones, ọmọ Sàró, ló ṣáájú àwọn tó da ìrẹsì Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti Éṣíà tí a fi rí irúgbìn ìrẹsì NERICA, ó sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2004. NERICA ń tètè gbó, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dá nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí irúgbìn tí kì í mu omi.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rọ́bà tó ń kán omi, èyí tí ilé iṣẹ́ Netafim bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Ísírẹ́lì láti nǹkan bí 1965. Ẹ gbé táǹkì ga, ẹ so páìpù mọ́ ọn, ẹ tẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí ìrẹsì. Ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á máa kán omi tó, tó, tó. Kò pọn dandan kí ẹ ṣí i láti ọjọ́ gbígbìn. Ìgbà tí ọ̀dá bá wọlé ni.

Ẹ kíyè sí omi kànga ẹ̀rọ o. Ọ̀pọ̀ omi àdúgbò wa ló ní irin nínú. Ẹ wo korobá funfun tí ẹ fi ń gbè é, ó ti pupa bí ìpẹtà. Ohun kan náà ló ń dí ihò rọ́bà. Ẹ jẹ́ kí omi máa já láti òkè sínú táǹkì kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, kó sùn mọ́jú kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tú ìdí rọ́bà kí omi fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde.

Owó rọ́bà ò kéré. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ ká éékà mẹ́wàá. Ibi tí ẹ ti ń gbin irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kórè tán, ẹ ká a, ẹ tẹ́ ẹ fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀fọ́ á bá yín san nínú owó rẹ̀.