Ẹṣin Abìyẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Àwọn Ọmọ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tún fi oṣù Rọmọdáànù jíǹkí wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ eré àwọn ọmọdé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ní ọjọ́ àwẹ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àlásárì, ọmọ-ọmọ wa kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà fa aṣọ wa ní ojúde ilé wa ní Ọ̀rányàn. Ó nàka sí òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 wà, ó ní, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ Ànábì Núhù nìyẹn?"

Ọ̀fun wa ti gbẹ, ara ń kan wá. Ó kù díẹ̀ kí a lé e lọ. Ṣùgbọ́n a rántí pé àwa náà ni a sọ fún un ní alẹ́ àná pé nígbà tí omi fà, orí òkè Júdì ni ọkọ̀ Ànábì Núhù gúnlẹ̀ sí. Ọmọ gbọ́ òkè, ó gbọ́ ọkọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ilé gbàǹgbà lórí òkè, ló bá so wọ́n pọ̀. A wá bi í pé, ibo ni àwọn ẹranko gbà wọlé? Ó ní àárín àwọn òpó ńlá wọ̀nyẹn ni. Ó ní ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí ewúrẹ́ kò fẹ́ òjò. A rẹ́rìn-ín títí a fi gbàgbé òùngbẹ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kì í ṣe báyìí ni a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí àwọn ọmọ tiwa ṣì kéré, ọ̀kan nínú wọn fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀. Ó ń wà á bọ̀ ní pálọ̀, ó ń fọn fèrè lẹ́nu, títí ó fi dé ibi tí a ti ń wo tíráà. Inú bí wa, a fi ẹsẹ̀ tẹ mọ́tò náà pẹlẹbẹ. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ṣa á nílẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò fi ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe hàn wá mọ́. Ó ti di baba ọmọ báyìí. Ó ń bọ̀wọ̀ fún wa, ó ń tọ́jú wa, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wà lọ́kàn rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń lọ sọ ọ́ fún. A mọ ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn yẹn ti.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a mọ hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ti ojú ogun dé. Atẹ́gùn ṣí aṣọ ìkélé, ó sì rí àwọn ọmọláńgidi ìyá wa Àíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ẹṣin kan wà láàárín wọn tí a fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì fún. Ànábì bèèrè ohun tí ó jẹ́, ó bèèrè ohun tí ó wà lára rẹ̀, ó sì bèèrè bí ẹṣin ṣe ń ní ìyẹ́. Àíṣà dá a lóhùn pé, àbí kò tíì gbọ́ pé Ànábì Sùlàímáánà ní ẹṣin abìyẹ́ ni? Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn.

Ẹ wò ó: ẹni tí ogun ti rẹ̀ dúró, ó bèèrè, ó gbọ́ èsì, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ sì wo Àíṣà: ìtàn tí ó ti gbọ́ ni ó fi rán ìyẹ́ ẹṣin rẹ̀. Ohun tí ó bá wọ etí ọmọ ni ó ń fi eré hun. Bí ó bá jẹ́ èébú àti ìjà ni ó ń gbọ́ nílé, èébú àti ìjà náà ni yóò máa fi ṣeré.

Ẹnì kan lè ní, "Àlùfáà, ṣé irọ́ kọ́ ni ọmọ tó ní igi òun di ẹṣin ń pa?" Rárá o. Irọ́ ni kí èèyàn fẹ́ tan ẹlòmíràn jẹ. Ọmọ tó gun igi mọ̀ pé igi ni, kò sì tan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́ àwo, tí ó ní ewúrẹ́ ló fọ́ ọ, irọ́ nìyẹn. Ẹ fi sùúrù tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ má ṣe fi pàṣán kan náà na méjèèjì.

Eré kò sì ta ko àwẹ̀. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh sọ pé bí wọ́n bá ń fi àwẹ̀ Àṣúrà kọ́ àwọn ọmọ wọn, wọn a fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré. Bí ọmọ bá ń sunkún oúnjẹ, wọn a gbé e fún un títí di àkókò ìṣínu.

Ẹ rántí Ànábì Yúsúfù pẹ̀lú. Àlá kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ mọ́kànlá, oòrùn àti òṣùpá lọ bá. Baba rẹ̀ ni. Baba náà gbọ́ ọ, ó sì kìlọ̀ fún un. Ta ni ọmọ tiwa yóò gbé tirẹ̀ lọ bá?

Nítorí náà, kí a tó ṣínu lónìí, ẹ pe ọmọ yín kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta nípa eré rẹ̀. Lẹ́yìn àṣámù, ẹ sọ ìtàn Ànábì kan fún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣeré dé títì mọ́tò o, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn láàárín ilé-kéwú àti ilé-ìwé. Àwa náà ti lọ bá ọmọ wa, a ti tọrọ àforíjì lórí mọ́tò agolo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ àwọ̀ tí ó kùn ún fún wa.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa, kí Ó fún wa ní etí tí ó ń gbọ́. Àmín.